Ọkọ̀ Ojú-omi l'Ókè-Ẹ̀ṣọ̀

Kò sókun n'Íléṣà.
Odò wa kò ju kéèyàn ká ṣòkòtò sókè, kó rìn kọjá.
Abẹ́ àtùpà bàbá mi ni mo ti kọ́kọ́ rí ìgbì,
nínú Ìwé Mímọ́ tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já,
tó ń gbé inú àpò kan náà pẹ̀lú ìwé gbèsè.

Òṣómàáló ni Jégédé.
A ru aṣọ lọ ta láwìn fáwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀;
bí ọjọ́ owó bá pé, a lóṣòó síwájú ilẹ̀kùn onígbèsè,
oòrùn ìbáà mú, òjò ìbáà rọ̀:
"Òṣó ni màá ló kí n tó gbowó mi."

Lálẹ́, a di ẹlòmíràn.
A ka ti ọkọ̀ tí ìjì ń gbá,
ti ẹni tó sùn sí ìdí ọkọ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe.
"Bàbá, níbo lòkun yẹn wà?"
Kò dáhùn. Ó fi bírò kàn mí láyà, lẹ́ẹ̀mejì.
Bírò náà ń jò. Ìyá mi fọ ẹ̀wù ọ̀hún títí, tàdáwà ò lọ.

Ọdún méjìlélógójì rèé.
Ọsibítù ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ẹtì, fún èsì àyẹ̀wò.
Lóru yìí, ìbẹ̀rù ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ọkàn mi,
ó di ìwé gbèsè mú, ó ń pè mí:
"Ìbíyẹmí, òṣó ni màá ló."

Mo ka àdúrà inú ìwé lù ú bí ẹni ń sọ òkò.
Kò mira.
Mo ka ìwé náà bí ìwé òfin,
mo ń wá ìlérí tí mo lè fi jàre ẹjọ́.
Kò mira.

Aago mẹ́ta, iná ti lọ,
mo rántí bírò tó ń jò.
Mo tún un kà láti orí, jẹ́jẹ́,
bí àwọn tó ń jọ wúrà létí odò,
tí wọ́n ń jẹ́ kómi gbé yanrìn lọ fúnra rẹ̀.
Mi ò béèrè ọdún tó ṣẹlẹ̀, mi ò béèrè orúkọ èbúté.
Àyà mi lọkọ̀.
Èémí tó ń sáré lókè yìí, òun nìgbì.
Àwọn tó ń kígbe pé a ó rì, mo mohùn wọn:
èmi ni, lọ́mọ ọdún méje, lọ́mọ ogún ọdún, àti lánàá.
Ta wá lẹni tó sùn?

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó.
Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ṣókùnkùn, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́.
Ẹnìkan ń mí níbẹ̀ tí kò kánjú.
Mi ò jí i.
Mo jókòó tì í.

Ìjì ò dáwọ́ dúró o, n ò ní parọ́.
Páànù ilé kejì ṣì ń lura,
ọjọ́ Ẹtì ṣì ń bọ̀.
Ṣùgbọ́n nígbà tí àkùkọ kọ níhà Ìjọ̀kà,
mo ṣílẹ̀kùn fún òṣómàáló ẹnu ọ̀nà.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú tipiri.
Mo gbé àpótí fún un: "Ẹ jókòó. Ẹ ti lóṣòó pẹ́."
Ó jókòó.
Ó ní kí n fún òun lómi mu.