Ìda Aláwọ̀ Ewé

Bàbá mi ló ń yọ́ ìda láàfin ọba Faransé.
Ìda pupa fún ọ̀rọ̀ tó lè yí padà lọ́la,
aláwọ̀ ewé fún èyí tí ọba bá ní kò ní í yẹ̀ láé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fòǹtẹ̀ lu ìwé àlàáfíà,
aláwọ̀ ewé ló yọ́. Ó ta sí i lọ́wọ́,
àpá rẹ̀ bá a dé sàréè.
“Ẹ sin Ọlọ́run bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n sìn,” lọba wí,
ṣùgbọ́n lẹ́yìn odi ni o,
ìrìn wákàtí mẹ́ta,
kórin yín má baà dí bíṣọ́ọ̀bù lóorun.

Abdias Tarade, ahunṣọ àdúgbò wa,
gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ mọ́yà nínú òjò dídì
lọ ṣèrìbọmi fún un lọ́hùn-ún.
Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ọmọ ò sunkún mọ́.
Judit ò béèrè. Ó na ọwọ́, ó gbà á.

Síbẹ̀ Abdias ṣí fìlà nígbà tí ọba ń kọjá.
Mo kéré nígbà náà, mo bi í léèrè.
Ó ní, “Ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún ọ, bó tilẹ̀ há,
kì í ṣẹgbẹ́ ẹni tó mọ ògiri dí i.”

Ọba wàjà. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló wà lórí ìtẹ́,
èmi ni mò ń dáná ìda,
ìkòkò bàbá mi náà ni.
Lánàá wọ́n gbé ìwé tuntun dé:
kí wọ́n wó ilé àdúrà wọn palẹ̀.
Mo béèrè àwọ̀ tí wọ́n fẹ́.
Akọ̀wé ò wojú mi.
“Aláwọ̀ ewé,” ló wí. “Títí láé ni.”

Mo koná mọ́ ọn.
Ó yọ́.