Ibi Tí Okùn Ti Fún Un

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò wo kàlẹ́ńdà kí n tó mọ̀:
ọmú mi ló sọ fún mi lórí ọ̀kadà,
ní gbogbo kòtò tó wà láàárín Kútọ̀ sí Ìtòkú.
Ikùn wú. Ẹ̀yìn ń ro mí.
Láàárọ̀, Ṣówándé béèrè pé iyọ̀ dà,
mo bú sẹ́kún.
Nítorí iyọ̀!

Mo jókòó ti aṣọ, mo ń di ìko mọ́ àdìrẹ,
okùn já, mo tún un dì, ó tún já,
mo sọ gbogbo rẹ̀ mọ́ ògiri.

Àǹtí Moròlákẹ́, tó ṣe nọ́ọ̀sì kó tó wá di aláró,
wo ojú mi, kò bi mí ní nǹkan kan.
“Wá dùbúlẹ̀ sórí ẹní.”
Mo ní iṣẹ́ ń bẹ nílẹ̀.
“Iṣẹ́ kì í tán. Ìwọ lo máa tán.”

Ó ní kí n di ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi bí mo ṣe ń di kókó aṣọ,
kí n dì í kó le, kí n ka ení dé àrún,
kí n wá tú u.
Ẹsẹ̀. Orúnkún. Itan.
Ikùn: “Rọra o, kókó ibẹ̀ le.”
Èjìká mi ti gun òkè dé etí láti ọjọ́ Ajé,
mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé mo gbé e dání.
Eyín náà, mo tú u.

Ó kan èémí.
Kí n fà á sínú títí yóò fi gbé ìró mi sókè,
kí n jẹ́ kó jáde pẹ́,
bí ẹni ń fẹ́ ògì gbígbóná fún ọmọ.
Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin mo rántí ẹ̀wà tí mo gbé kaná,
mo fẹ́ dìde.
“Jẹ́ kó jóná.”
Ó jóná lóòótọ́.

Ó fi àkísà àdìrẹ we ìgò omi gbígbóná,
ó gbé e lé mi nísàlẹ̀ ìdodo.
Òórùn aró ń bá ooru jáde,
mo sì sùn, èmi tí kì í sùn lọ́sàn-án.

Mi ò ní purọ́: nígbà tí mo jí, ẹ̀yìn ṣì ń ro mí díẹ̀.
Ṣùgbọ́n mo mú aṣọ àná, mo tú ìko ara rẹ̀,
mo sì wò ó bí ẹni tí kò rí i rí:
ibi tí okùn ti fún un jù
ni funfun ti yọ.

Lálẹ́, Ṣówándé kọ́kọ́ wo ojú mi kó tó lanu.
Mo ní, “Iyọ̀ wà lẹ́yìn ìgò epo.”