Ìkòkò Kan, Ìrun Márùn-ún

Ìrọ̀lẹ́ àná, Sáláú alápatà ní Ìpàta wò mí lókè-nílẹ̀:
"Ẹsẹ̀ nìkan? Itan ń bẹ, ẹ̀dọ̀ ń bẹ."
Mo ní itan kì í ṣe ẹgbẹ́ àpò mi.
Ó gbé àáké, ó ṣá a sí mẹ́rin,
eegun ta sí mi láṣọ.
Ó fi iṣan kan lé e, ó ní èènì ni,
iṣan tó le bí okùn bàtà.

Pàkátà kò tíì jí tán. Ọyẹ́ ń fẹ́.
Mo fi abẹ ha irun tí iná ṣẹ́ kù,
mo fi kànìnkànìn bó o
títí awọ fi mọ́ bí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tuntun.

Àsùbáà: mo gbé ìkòkò kaná.
Omi, iyọ̀, àlùbọ́sà kan tí mi ò bó èèpo rẹ̀ tán.
Àfúsátù ará yàrá kejì yọjú:
"Ju pánádó méjì sí i, wákàtí kan ni."
Mo ní ṣé orí ń fọ́ màlúù ni?
Ó rẹ́rìn-ín, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Wọ́n ní sùúrù a máa se òkúta jinná.
Mi ò se òkúta rí. Ohun tí mo mọ̀ ni
èédú ẹgbẹ̀rún náírà,
abẹ̀bẹ̀ tí etí rẹ̀ ti jóná,
àti kí n má ṣe jẹ́ kó hó wàràwàrà:
kó máa mí ni, kó ṣáà máa mí
bí arúgbó tó ń sùn lọ́sàn-án.

Àyílà: mo fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́. Ó ta ṣíbí padà.
Mo bu omi gbígbóná kún un,
omi tútù a máa bí ẹran nínú.
Ìyá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, nígbà tí eyín rẹ̀ ṣì pé,
nígbà tó ń rún eegun adìẹ bí ẹ̀pà.
Mẹ́ta ló kù báyìí.
Kò sí èyí tó kojú sí ìkejì nínú wọn.

Alásàárì: òórùn ti fo ògiri.
Ọmọ onílé wọlé, abọ́ lọ́wọ́,
ó ní wọ́n ní kí òun wá fọn iná.
Abọ́ la fi ń fọn iná báyìí?
Mo bu omi ẹran fún un.

Mọ̀gàríbì: iṣan èènì ló kọ́kọ́ gbà,
ó ń gbọ̀n rìrì lórí ṣíbí.
Eegun kan yọ fúnra rẹ̀,
ó dún kọ́ ní ìdí ìkòkò.
Ìgbà náà ni mo tó da ata sí i, àti irú wooro.

Wọ́n ti kírun Ìṣáì tán kí n tó gbé e síwájú ìyá mi.
Kò dúpẹ́. Kò béèrè iye tí mo rà á.
Ó fi ètè wá iṣan,
ó fa mùdùnmúdùn,
ó kan eegun mọ́ etí àwo, kó, kó,
ó wo inú ihò rẹ̀ bí ẹni ń wo kànga.
Nígbà tó ṣe tán, ó fẹ́ sọ̀rọ̀.
Ọ̀rá ti lẹ ètè rẹ̀ pọ̀.
Ó nawọ́ sí ìkòkò.