Ẹni Tó Ń Pẹ́ Lẹ́yìn Orin

Ní ṣọ́ọ̀ṣì Òtàpètè la ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ,
Ìbílọlá, ọmọ bàbá òṣómàáló Ìdásà.
Gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ti ṣe Àmín tán,
ẹnu tirẹ̀ ṣì là sílẹ̀,
ó ń fa Àmín bọ̀ díẹ̀díẹ̀
bí ẹni ń fa ewúrẹ́ tí kò fẹ́ wálé.
Ọ̀gá akọrin fi ìwé orin lu tábìlì:
"Ìwọ ọmọ yìí, o pẹ́!"
Ó ní, "N ò pẹ́ sà. Orin ló yá jù."

Nígbà tó di Sọ́ńdè kejì, wọn ò fún un láṣọ funfun mọ́.

Àwa márùn-ún tá à ń ṣe jáàsì lẹ́yìn ilé ìpọntí
la rí i he.
Èmi ló ń ta jìtá olóhùn ìsàlẹ̀,
Ògúnrìnádé ń fọn fèrè bí ẹni ń bá àna rẹ̀ jà.
Bá a bá na orin sí i, kì í gbà á lójú ẹsẹ̀,
á jẹ́ kó kọjá lọ,
á wá máa rìn tẹ̀ lé e, ó káwọ́ sẹ́yìn,
bí obìnrin tó mọ̀ pé ọkọ̀ ò ní í lọ láìsí òun.

Ọdún mọ́kànlá. Àkúrẹ́, Òṣogbo, Adó,
a fi àpótí ìlù ṣe ìrọ̀rí lórí ọkọ̀ akẹ́gẹdú.
Orúkọ márùn-ún ló wà lára pátákó wa,
lábẹ́ rẹ̀: "àti olórin obìnrin kan."
Èmi ni mo kọ ọ́.
Èmi ni mo mú ọ̀dà lọ́wọ́.

Olótẹ́ẹ̀lì kan ní Ìmọ̀ jẹ wá lówó oṣù mẹ́ta.
A kùn, a kùn, a mutí sí i.
Ìbílọlá lọ lóṣòó síwájú ilẹ̀kùn rẹ̀ láti àárọ̀
bí bàbá rẹ̀ ṣe ń lóṣòó ti ajẹgbèsè aṣọ.
Kò bú u, kò gbé e ṣépè,
orin kan ṣoṣo ló ń kọ, jẹ́jẹ́,
tó bá ti ku gbólóhùn kan kó parí, á padà síbẹ̀rẹ̀.
Nírọ̀lẹ́, ọkùnrin náà gbé owó jáde tòun tẹkún:
"Gbà, jọ̀ọ́. Ṣáà parí ẹ̀."
Kò parí ẹ̀.
Ó pín owó fún wa, ó di ìpín tirẹ̀ sétí aṣọ,
a ò tún rí i níbi ìdánrawò mọ́.

Lálẹ́ àná, ní gbọ̀ngàn kan l'Ókèsà,
ó jáde lóun nìkan, orí ti funfun.
Kò sí fèrè, kò sí ìlù.
Orúkọ kan ló wà lára pátákó, ó gùn dáadáa.
Mo jókòó sí ìlà kẹfà pẹ̀lú ìka tí làkúrègbé ti ká.
Ó kọ ìdajì, ó dákẹ́.
Ọmọkùnrin ẹ̀gbẹ́ mi ní, "Bàbá, ṣé ó ti gbàgbé ni?"

N ò dá a lóhùn.
Ẹsẹ̀ mi ti débẹ̀ ṣáájú, bó ṣe máa ń ṣe,
ó dúró dè é.