Àwòrán Ilé Rélùwéè

Nígbà tí ẹnjiníà ará Íńdíà ń padà sílé,
ó fi ẹni mímọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lára ògiri wa l'Ọ́fà:
arúgbó kan nínú férémù, aṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán.
Màmá ò jẹ́ ká yọ ọ́. Ó ní ojú àánú ló ní.

Sàláwátù, ìyàwó lèmọ́mù, fi tẹ̀sùbáà kan ẹsẹ̀ náà;
ọmọ rẹ̀ pé ọdún márùn-ún, kò tíì fọhùn.
Díákónì Adébára gba ẹ̀yìnkùlé wọlé,
ó tan àbẹ́là lọ́sàn-án gangan,
ó ní wọ́n mú iná lọ.
Ọdẹ Ògúndókun gbé obì kalẹ̀, kò wí nǹkan kan.

Èmi ni mo ń gbálẹ̀ ibẹ̀.
Mi ò mọ orúkọ arúgbó náà dòní.

Lọ́jọ́ tí ọmọ Sàláwátù lanu níwájú rẹ̀,
ọkọ̀ ojú irin fọn fèrè.
Ohun tó sọ,
ẹnì kankan nínú wa ò gbọ́.