Ọ̀nà Tí Kò Gba Mọ́tò

Ìbídàpọ̀ fi àwòrán ránṣẹ́ láti ilẹ̀ Faransé:
ọ̀nà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín oko àlìkámà,
òkúta wẹ́wẹ́ lásán, ẹnì kan ò da ọ̀dà sí i,
mọ́tò ò kọjá, ọ̀kadà ò kọjá,
àfi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó fara ti igi
bí ẹṣin tí olówó rẹ̀ wọlé lọ kí àna.
Ó ní, "Àǹtí mi, irú èyí ò sí l'Ékòó."

Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́.
Kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀
ni mo ti mọ ọ̀nà tí kò gba mọ́tò.

Èbúté Mẹ́ta, Kọ́ńpáhùn Rélùwéè.
Aago márùn-ún ìdájí. Ìrì ṣì wà lórí irin.
Bàbá mi, Ṣódípẹ̀ Ayẹ-Irin-Wò,
gbé mi sórí káríà Ráálè dúdú,
ó ká aṣọ ìnura sábẹ́ mi kí irin má baà gún mi nídìí,
ó ní kí n di bẹ́líìtì òun mú,
kí n má fẹsẹ̀ bọ sípóòkù.
Òòlù lápò, sípánà gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìrémù,
a gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin lọ,
òkúta ń ké lábẹ́ táyà bí ẹni ń rún gúgúrú.

Bó bá dé ibi tí irin ti so mọ́ irin,
á sọ̀ kalẹ̀, á fi òòlù kàn án.
Bí irin bá dáhùn gbọ̀ọ́n, ó di kẹ̀kẹ́.
Bí irin bá ní kọ̀, ilẹ̀ á mọ́ bá wa níbẹ̀.

Yábàá ṣì ń sùn.
Ìpè ìrun Ìdí-Òro là ń gbọ́ lókèèrè.
Ní Muṣin, ẹnì kan tó ń fọ eyín lẹ́yìn ilé juwọ́ sí wa,
fọ́ọ̀mù funfun lẹ́nu rẹ̀.
Kò sí ẹni tó bú wa.
Kò sí ẹni tó ní, "Ṣé ìyá ẹ ló ni títì ni?"
Rélùwéè ló ni ọ̀nà, àwa kàn yá a lò ni.

Mo bi í lọ́jọ́ kan: bí ọkọ̀ bá dé lẹ́yìn wa ńkọ́?
Ó ní, "Ẹsẹ̀ rẹ á gbọ́ ọ kí etí rẹ tó gbọ́."
Òótọ́ ni.

Wọ́n ti fi wáyà yí irin tuntun ká báyìí.
Kò dùn mí. Ọkọ̀ tó ń sáré tó yẹn,
kí ọmọ ẹlòmíràn má ṣeré níbẹ̀.
Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ibi tí àwọn wágọ̀nù àtijọ́ ti ń dógùn-ún,
ó ku ọ̀nà kan, kò gùn, kò já síbì kankan,
èèpẹ̀ rẹ̀ pọ́n, òkúta rẹ̀ ṣì mọ ohùn táyà.
Múdà tó ń ṣọ́ géètì a máa ṣí i fún mi láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú.
"Màmá, ẹ̀ẹ̀melòó lónìí?"
Mo ní mẹ́fà.
Orúnkún mi ní mẹ́rin.

Òbúkọ kan dúró sáàárín ọ̀nà
bí ẹni tó fẹ́ béèrè pátíkúlà kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi.
Mo fun agogo. Kò yà. Èmi ni mo yà.

Lónìí mo ya àwòrán fún Ìbídàpọ̀.
Ọwọ́ mi gbọ̀n: òjìji mi nìkan ló hàn,
àti òkúta, àti ààbọ̀ táyà.
Ó fèsì kíá: "Àǹtí, orílẹ̀-èdè wo lẹ wà?"
N kò tíì dá a lóhùn.
Ṣéènì ti yọ, gírísì kún ìka mi,
sípánà bàbá mi ló sì wà lọ́wọ́ mi.
Mo fi kan irin àtijọ́ kan tó sùn sínú koríko.
Ó ní kọ̀.
Mo jókòó tì í.