Aago Méje Alẹ́

Ní Calama, níbi tí òjò ti ń ṣe àlejò,
tí eruku ń bá aṣọ funfun dọ̀rẹ́ lórí okùn,
ìyá wa ṣe òfin kan ṣoṣo:
bí aago méje alẹ́ bá lù, kí gbogbo ìdí kan àga.

Kì í ṣe oúnjẹ ńlá.
Búrẹ́dì tó ṣì ń gbóná láti ilé búrẹ́dì Eleuterio,
píà tí a fi ṣíbí tẹ̀, iyọ̀ díẹ̀,
tíì nínú ife tí etí rẹ̀ ti kán.
Fóònù gbogbo wa á wọ inú apẹ̀rẹ̀,
wọ́n á sùn síbẹ̀ bí ẹja tó ti kú.
Bàbà a máa gba bàbá wa fún ọjọ́ méje lókè níbi ìwakùsà,
a sì dá a padà fún ọjọ́ méje;
bó wà lókè, bó wà nílé, ife rẹ̀ ò kúrò lórí tábìlì.

Èmi Yasna, mo kórìíra òfin yẹn.
Ta ló fẹ́ ròyìn ilé-ìwé fún ìyá àgbà
tó ń béèrè ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹ́rin?
Etí Uberlinda ti di,
ṣùgbọ́n imú rẹ̀, ẹ má tíì sọ̀rọ̀.

Ọdún tí Ítalo pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún
ló bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ogún.
Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ó wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n koko,
ó ń rẹ́rìn-ín sí iyọ̀.
Ìyá àgbà fa apá aṣọ rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀,
ó sún búrẹ́dì sí i.
Màmá ò pariwo. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbọ̀n lára ìkòkò tíì.
“Jẹun,” ló wí. “Ọ̀la, aago méje.”

Ọ̀la dé. Ọ̀tunla dé.
Ìdákẹ́jẹ́ jókòó tì wá bí ẹnì karùn-ún.
Mo rò pé asán ni.
Lálẹ́ kẹrin, Ítalo ń yọ inú búrẹ́dì,
ó ń rọ ọ́ róbótó bí ọmọ kékeré,
ọ̀rọ̀ já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò wojú ẹnikẹ́ni:
“Wọ́n ní kí n bá wọn tọ́ èyí tó le wò. Lẹ́yìn pápá bọ́ọ̀lù.
Mo ní wọ́n ń retí mi nílé.”

Wọ́n ń retí mi nílé.
Kì í ṣe irọ́. Àwáwí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni,
àwáwí tí a tẹ́ aṣọ lé lórí.

N kò ní sọ pé búrẹ́dì ni òògùn.
Braulio, ọmọ ilé kejì, tábìlì wà nílé tiwọn náà;
ẹ̀bá ibùdókọ̀ ló ń sùn lónìí.
Mo kàn mọ̀ pé ẹni tí a ń kà lálaalẹ́
kò lè sọnù kí ẹnìkan má gbé orí sókè.

Ìyá àgbà ti lọ. Ítalo ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Antofagasta.
Ọmọbìnrin mi pé mẹ́tàlá,
ó kórìíra aago méje.
Mo gbé apẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀.
Ó mí kanlẹ̀, ó ju fóònù sí i.
Omi tíì ti ń hó.